Àpótí Ìtọ́jú Pàjáwìrì Nínú Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí kò ṣòro láti pa, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi í hùwà kò pọ̀. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, lọ wo búùtù ọkọ̀ baba rẹ, tàbí ti ọkọ̀ èrò tí ń gbé ọ lọ sí ilé-ìwé. Ìwọ yóò bá táyà ìpààrọ̀, jáàkì àti sípánà níbẹ̀. Bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà, ohun tí a ó fi ṣe àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bí awọ ara ènìyàn bá ya ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, kò sí ohun kan tí a lè fi dí ojú ọgbẹ́. A pèsè sílẹ̀ de rọ́bà, a kò pèsè sílẹ̀ de ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò: ǹjẹ́ ó jẹ́ ọ̀ranyàn fún ẹni tí ó ní ọkọ̀ láti fi àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì sínú rẹ̀, tàbí bí ó bá ti wù ú ni kí ó ṣe?

Àwọn kan yóò wí pé pípe ibi ni. Wọn a ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí ìjà mọ́tò," wọn a sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ bẹ́ẹ̀. Àdúrà rere ni, èmi pẹ̀lú ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n a máa ń gbàdúrà kí olè má jà wá, síbẹ̀ a ń ti ilẹ̀kùn wa lálaalẹ́. Ẹni tí ó kọ́ àká kò bẹ ìyàn lọ́wẹ̀. Ẹni tí ó mú agbòjò dání kò pe òjò. Èéṣe tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀ràn bá kan ara ènìyàn ni a ń bẹ̀rù àtimúra sílẹ̀?

Àwọn mìíràn yóò wí pé inú rere ni ó ṣe pàtàkì. Bí ewu bá dé, àwọn yóò sáré ṣe ìrànlọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, ogun ńlá kan jà ní Solferino ní ilẹ̀ Ítálì. Oníṣòwò kan láti ilẹ̀ Switzerland, Henri Dunant, bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ-ogun tí ó gbọgbẹ́ ní ìlú Castiglione tí ó wà nítòsí. Àwọn obìnrin ìlú náà jáde, wọ́n ń fún wọn lómi, wọ́n ń fọ ojú egbò, wọn kò sì ya ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tá. Inú rere kò wọ́n wọn rárá. Ohun-èlò àti ìmọ̀ ni ó wọ́n wọn, ọ̀pọ̀ sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Dunant kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1862, ó sì dámọ̀ràn pé ìgbà àlàáfíà ni kí a ti kó àwọn olùrànlọ́wọ́ jọ, kí a sì kọ́ wọn níṣẹ́. Láti inú ìmọ̀ràn yìí ni Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti ṣẹ̀ ní ọdún 1863. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé inú rere tí kò ní nǹkan lọ́wọ́, ojú àánú lásán ni yóò fi máa wo ẹni tí ń kú lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tí ń bẹ lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà márùn-ún lọ. Bí ó bá ń tú jáde púpọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti pa ènìyàn. Láti ọdún 1988 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà ní Nàìjíríà, 122 sì ni nọ́ńbà tí a fi ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò lè wà ní gbogbo kọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n tó dé, aṣọ mímọ́ tí a tẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ gidigidi, tí a kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, lè dá ẹ̀mí sí. Aṣọ mímọ́, báńdéèjì, àlùmọ́gàjí, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ọṣẹ, omi àti tọ́ọ̀ṣì: owó wọn kò tó owó táyà kan.

Ṣùgbọ́n àpótí láìsí ìmọ̀ kò tó. Àwọn kan a máa da epo mọ́tò tàbí iyẹ̀pẹ̀ sí egbò. Àwọn mìíràn a máa fa irin tí ó gún ènìyàn yọ, kí ẹ̀jẹ̀ sì tú dà. Àwọn mìíràn a fa ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti lè ṣẹ́ bí ẹni ń fa àpò ìrẹsì. Má ṣe gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò, àfi bí iná tàbí ewu mìíràn bá ń bọ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí a kò kọ́ lè di ìpalára.

Nísinsìnyí, ta ni ó ni àpótí náà? Ẹni tí ó farapa gidigidi kì í sábà lè ṣí àpótí fún ara rẹ̀. Nítorí náà, èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ mi, tìrẹ ni. Èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ rẹ, tèmi ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìdí nìyí tí mo fi wí pé ọ̀ranyàn ni. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ sójú ọ̀nà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń rìn ín, ó sì jẹ wọ́n ní gbèsè ìtọ́jú. Kò sì yẹ kí ó torí pé àpótí wà kí ó máa sáré àsápajúdé. Sùúrù ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìtọ́jú.

Ìwọ kò tí ì ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n o ní ẹnu àti ọwọ́. Fi ọ̀wọ̀ bi baba tàbí ìyá rẹ bóyá àpótí wà nínú ọkọ̀ wọn. Bí Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa bá wà ní ilé-ìwé rẹ, wọ inú rẹ̀, kí o kọ́ bí a ti ń di ọgbẹ́. Ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn bá pagbo yí ẹni tí ó farapa ká, tí àwọn kan ń káwọ́ lérí, tí àwọn mìíràn sì ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, jẹ́ ẹni tí yóò kúnlẹ̀ tì í, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣófo.