Gbèsè Àlejò

Ìsinmi ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn kan nínú wa yóò ti ìsọ̀ wọn, wọn yóò sì gba Ìjẹ̀bú lọ. Àwọn kan yóò gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba láti lọ sí Oǹdó tàbí Ọ̀ṣogbo. Àwọn mìíràn yóò dúró níhìn-ín, kí wọ́n lè fojú rí àwọn ibi tí wọn kò tíì dé rí ní ẹkùn odò yìí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ ro ọ̀rọ̀ kan wò. Ẹni tí ó lọ wo ilẹ̀ onílẹ̀ fún ìgbádùn ara rẹ̀, tí ó jẹ níbẹ̀, tí ó sùn níbẹ̀, tí ó sì padà sílé ní àlàáfíà, ǹjẹ́ ó jẹ àwọn ará ibẹ̀ ní gbèsè kankan? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé bí ó bá ti san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, ó bùṣe. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo tọkọtaya òyìnbó kan tí ìtàn ilẹ̀ wa kò gbàgbé. Percy Amaury Talbot ni orúkọ ọkọ, Dorothy ni orúkọ aya. Ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ ní Oban, ní ìhà Calabar, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Igbó kìjikìji ni Oban. Apá kan igbó náà wà nínú Cross River National Park lónìí. Tọkọtaya yìí a máa wọ inú igbó láti wá ewéko àti òdòdó tí ojú wọn kò rí rí. Wọ́n ń sá wọn gbẹ, ìyàwó sì ń ya àwòrán wọn. Ní ọdún 1913, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ odidi ìwé kan jáde lórí àwọn ewéko tí àwọn méjèèjì kó jọ ní Oban.

Wọ́n tún rin ìrìn mìíràn. Ní ọdún 1910, wọ́n pa ọkùnrin arìnrìn-àjò kan tí ń jẹ́ Boyd Alexander, wọ́n sì sin ín sí Maifoni, nítòsí Maiduguri. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Olive MacLeod, ọmọ ilẹ̀ Scotland, sọ pé òun yóò lọ wo ibojì náà. Àwọn Talbot bá ọmọbìnrin náà lọ, títí wọ́n fi dé ẹkùn adágún omi Chad. Ta ni yóò sọ pé irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ burú? Ìfẹ́ ni ó gbé ẹni kan, ìbákẹ́dùn ni ó gbé àwọn méjì. Dorothy fúnra rẹ̀ kú sí ilẹ̀ Nàìjíríà yìí ní ọdún 1916. Nítorí náà, a kò pe wọ́n ní aláìmoore.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Igi kan wà tí wọ́n rí ní Eket. Ní ọdún 1914, onímọ̀ ewéko kan sọ igi náà ní Talbotiella eketensis. Orúkọ àlejò wà nínú rẹ̀. Orúkọ ìlú náà wà nínú rẹ̀. Ta ni ó mọ ọ̀nà ìdí igi náà? Ta ni ó fi àdá la igbó? Ta ni aláàárù tí ó ru ẹrù lórí nínú òjò? A kò rí orúkọ wọn nínú orúkọ igi náà. Bẹ́ẹ̀ ni igi yìí ti wà níbẹ̀, tí àwọn onílẹ̀ ń jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀, kí àlejò kankan tó dé.

Ẹnìkan lè wí pé, bí òyìnbó kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni ì bá gbọ́? Òótọ́ ni, ìwé kíkọ dára. Ṣùgbọ́n ìròyìn arìnrìn-àjò kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ rántí àwọn amí méjìlá inú ìwé Númérì. Ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn wò fún 40 ọjọ́, síbẹ̀ ìròyìn àwọn mẹ́wàá mú kí gbogbo ìjọ ènìyàn sunkún mọ́jú. Àwọn àgbà wa ní, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn án ni ó ya á ní ojú.

Kí a má ṣe dá òyìnbó nìkan lẹ́jọ́. Ní ìsinmi ọdún kan, àwa mẹ́fà nínú ìjọ yìí wọ ọkọ̀ ojú omi láti Warri lọ sí Koko. A fẹ́ wo ilé Nana Olomu, gbajúmọ̀ oníṣòwò Itsekiri tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá jà ní ọdún 1894, tí wọ́n lé kúrò nílùú, tí ó sì padà wálé ní ọdún 1906. Òjò ká wa mọ́ ojú omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wa ọkọ̀ bọ́ ẹ̀wù òjò tirẹ̀, ó fi bo ìyá àgbà kan láàrin wa, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbọ̀n títí a fi gúnlẹ̀.

Nígbà tí a délé, a ròyìn ilé Nana, a ròyìn òjò, a ròyìn ẹja tí a jẹ. Ọmọ kékeré kan wá bi wá pé, “Kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n tí ó wa ọkọ̀ náà?” Nínú àwa mẹ́fà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. A ti san owó rẹ̀ pé, àní a fi díẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n a kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, a padà sí etí omi láti wá a. Wọ́n ní ó ti ṣí lọ.

Ẹ̀yin ará, àlejò ni àwa pẹ̀lú ní Warri. Àwọn Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ni wọ́n gbà wá. Bí wọ́n bá sì bi wá nílé pé, “Báwo ni Warri?”, ẹrẹ̀, ẹ̀fọn àti ọjà ni a máa ń sọ. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ onílé tí ó fi sùúrù gba owó ilé lọ́wọ́ wa nígbà tí ọjà kò tà, àti aládùúgbò tí ó gbé ọmọ wa lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ wo ibi tuntun, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó bá tukọ̀ yín kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Kí Olúwa kó wa lọ, kí ó sì kó wa bọ̀. Àmín.