Ọpẹ́ Orílẹ̀-èdè, Ẹ̀rí Onílẹ̀

Irú nǹkan wo ni ohun tí ará àdúgbò ń rántí nípa olówó tó wá dá iléeṣẹ́ ńlá sílẹ̀ láàrin wọn? Ṣé ọpẹ́ ni, débi pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ di aláìmoore? Àbí ìkùnsínú lásán ni, tí yóò tán nílẹ̀ bó pẹ́ bó yá? Ìbéèrè yìí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ní etíkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, níbi tí Alhaji Aliko Dangote, ọmọ Kánò tí wọ́n bí lọ́dún 1957, kọ́ iléeṣẹ́ ajílẹ̀ àti ibùdó ìfọpo rọ̀bì sí nínú Lẹ́kkí Free Zone. Iléeṣẹ́ ajílẹ̀ náà, tí Ààrẹ Buhari ṣí lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2022, lágbára láti ṣe yúríà tó mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ibùdó ìfọpo tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 gba hẹ́kítà 2,635, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa fọ àgbá rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Kò sí èyí tó tó o ní gbogbo Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró ti ní àwọn tó mọ̀ ọ́n tipẹ́, àwọn ará Idasho, Okunraye, Magbon-Segun àti àwọn abúlé ìtòsí wọn, tí oko ẹ̀gẹ́, igi àgbọn àti àwọ̀n ẹja ń bọ́. Ohun tí mo gbà ni pé ìrántí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe ọpẹ́, kì í sì í ṣe ìkùnsínú. Ẹ̀rí ni. Bí a ṣe ń gbọ́ ẹ̀rí ló yẹ ká máa gbọ́ ọ: ká wádìí bóyá òótọ́ ni, ká má wo bóyá ó dùn mọ́ ọlọ́lá nínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún oore ní ipò rẹ̀, nítorí ẹni tó bá kóyán oore kéré ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́ kó tó rò ó. Nínú iléeṣẹ́ ajílẹ̀, inú gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ háídírójìn. Wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ nínú ooru líle, yóò di amóníà, amóníà náà ni wọ́n ń sọ di yúríà, hóró funfun tí àgbẹ̀ ń wọ́n sídìí àgbàdo àti ìrẹsì. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni bẹntiróòlù náà ti ń jáde ní ibùdó ìfọpo, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Nàìjíríà ń ta rọ̀bì, tó tún ń lọ ra epo tí wọ́n fọ̀ lókè òkun. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú ará ìlú ti rí nídìí ìlà epo kò ní pe èyí ní nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ta ni oore náà bá? Àgbẹ̀ Kebbi ni, onímọ́tò Ìbàdàn ni, àgbẹ̀ Brazil tí wọ́n ń kó yúríà ránṣẹ́ sí ni. Àwọn wọ̀nyí jẹ gbèsè ọpẹ́. Ẹni tí oko rẹ̀ bọ́ sínú ọgbà iléeṣẹ́ náà lè jẹ gbèsè ọpẹ́ bẹntiróòlù gẹ́gẹ́ bí ará Ìbàdàn ṣe jẹ ẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹjọ́ oko rẹ̀ dá dúró, a kò sì lè fi ọpẹ́ ẹlòmíràn san án. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí Dangote fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí ọ̀pọ̀ ará Ìbẹ̀jú náà sì ń ṣe, kò fi èyí sínú òkùnkùn. Àwọn àáfà ń kọ́ wa pé ẹ̀tọ́ Ọlọ́run, Ọlọ́run lè foríjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, ọwọ́ ẹni tó ni ín ni ìdáríjì rẹ̀ wà. Bí Ọlọ́run bá fi ìdáríjì yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, níbo ni orílẹ̀-èdè ti rí àṣẹ láti ṣe é lórúkọ rẹ̀?

Ohun tó mú ẹ̀tọ́ náà wúwo ni pé Yorùbá kò ka ilẹ̀ sí ohun ìní àwọn alààyè nìkan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1912, olóyè kan láti Òdogbolú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú là á yé wọn pé ẹbí kan tó gbòòrò ló ni ilẹ̀, pé àwọn tó ti kú pọ̀ nínú rẹ̀ ju àwọn tó wà láyé lọ, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Lọ́dún 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, láre lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà: wọ́n ní ìdílé ló ni ilẹ̀ náà ní tòótọ́, pé owó gbà-má-bínú gbọ́dọ̀ jẹ́ ti onílẹ̀ gan-an. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 yí èyí padà. Ó kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ó sì jẹ́ pé ilé, irúgbìn àti àtúnṣe orí ilẹ̀ ni owó ń tẹ̀ lé. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì owó ìyálẹ̀ ọdún yẹn, bí onílẹ̀ bá ti san án. Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, a lè ka igi àgbọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká sanwó rẹ̀ pé, síbẹ̀ ká má tíì fọwọ́ kan ohun tó dun ènìyàn jù. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sin òkú sínú agbo ilé, kò sí abúlé tó ń ṣí tí kò fi àwọn kan sílẹ̀ sẹ́yìn. Nínú Bíbélì, nígbà tí Ọba Áhábù fẹ́ gba ọgbà àjàrà Nábótì, kì í ṣe ipá ló kọ́kọ́ gbé lọ bá a. Ọgbà àjàrà tó dára ju tirẹ̀ lọ ló fi lọ̀ ọ́, tàbí owó tó tó o. Nábótì kọ̀ nítorí pé ogún àwọn bàbá rẹ̀ ni. N kò fi oníléeṣẹ́ kankan wé Áhábù. Ohun tí mo mú nínú ìtàn náà ni pé iye tó tọ́ lè wà lórí nǹkan, kí ẹni tó ni ín ní kò tó, kó má sì jẹ́ òmùgọ̀ tàbí olójúkòkòrò.

Ẹnìkan lè wí pé ẹjọ́ yìí kò kan Dangote rárá, pé ìjọba ló gba ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ọdún 2006 ni Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ti ń ṣètò agbègbè náà, ìjọba sì ti bá àwọn abúlé kan tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lọ́dún 2007, kí ibùdó ìfọpo tó wọ ọ̀rọ̀ náà. Kódà, ilẹ̀ Olókólà ní ààlà Ògùn àti Oǹdó ni Dangote kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ẹ̀rí tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru ẹnìkan nítorí pé orúkọ tirẹ̀ ló hàn jù lójú pátákó, ẹ̀rí tó yarọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wo ibì kan, tó fi í sílẹ̀, tó tún wá ibòmíràn lọ, kò lè sọ pé ilẹ̀ ló yan òun. Ó gba ilẹ̀, ó gba ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìtàn náà: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Okunraye gba ẹ̀mí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ tí ìjọba Èkó fi ń bójú tó agbègbè náà. Òun náà ní ẹbí tó ń rántí. Ìrántí tó bá ka oko tó sọnù, tí kò ka ọkùnrin yìí, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹjọ́ ẹlẹ́nu kan ni.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní ìrántí kò ṣeé gbára lé. Wọ́n ní àná a máa dùn lẹ́nu ẹni tí òní kò bá gbè. Wọ́n ní àwọn ìdílé kan fúnra wọn ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, pé àìsí iná àti ọ̀nà ń pọ́n àwọn abúlé náà lójú kí katakata tó dé. N kò jiyàn. Ẹlẹ́rìí a máa ṣì í. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bi í léèrè, tí a ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìdí láti lé e jáde nílé ẹjọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìrántí olówó pàápàá kì í ṣe òótọ́ pọ́nńbélé, òun nìkan ló kàn rówó tọ́jú ara rẹ̀. Ní Jámánì, Carl Leverkus gbé iléeṣẹ́ aró lọ sí etí odò Rhine ní Wiesdorf ní nǹkan bí ọdún 1860, ó sì fi orúkọ ìdílé rẹ̀ pe ibùdó tó kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Bayer ra ibẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tó sì di 1930, Leverkusen di orúkọ odidi ìlú, Wiesdorf di àdúgbò kan nínú rẹ̀. Ẹ wo ìkéde àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí lónìí: iye ìṣẹ́jú tí ilẹ̀ fi jìnnà sí Dangote ni wọ́n fi ń polówó, wọn kì í sábà dárúkọ abúlé tó ni ilẹ̀. Orúkọ oníléeṣẹ́ kò nílò alágbàwí. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ẹ rántí Máròkó, àdúgbò tí ìjọba ológun wó ní Èkó ní oṣù Keje ọdún 1990. Àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé kúrò ń dárúkọ rẹ̀ títí dòní.

Àwọn baba wa ń fi ilẹ̀ búra nítorí pé wọ́n gbà pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ tí kò mọ̀. Àlùkùránì wí nínú Súrátù Sílísáálì pé ilẹ̀ yóò ròyìn ohun tó rí lọ́jọ́ ìkẹyìn. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, láti inú ilẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì ti ké. Bí ẹ̀sìn mẹ́ta tí ará Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí mọ̀ bá gbà pé ilẹ̀ ń jẹ́rìí, ó ṣòro fún mi láti rí bí onígbàgbọ́ ṣe lè ní kí àwọn tó gbé orí ilẹ̀ náà dákẹ́ nítorí ìlọsíwájú. Ilé tí wọ́n há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ ní ìlú Lẹ́kkí lọ́dún 1962 ti di ibi ìrántí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò tí wọ́n fi túláàsì mú wá ni. Àwọn tó bí ọmọ, tó sin òbí, tó gbin àgbọn ní Idasho àti Okunraye yẹ fún ìwé kan ó kéré tán: orúkọ abúlé, ààlà oko, ibi tí àwọn òkú wà, ohun tí ìjọba ṣèlérí lọ́dún 2007 àti èyí tó mú ṣẹ, láti ẹnu àwọn àgbà tó ṣì lè fọwọ́ júwe rẹ̀. Kí iléeṣẹ́ náà kó ìwé tirẹ̀ wá síbẹ̀ pẹ̀lú, iye tó san, ẹni tó san án fún, ọmọ ibẹ̀ mélòó tó gbà síṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tó fún wọn. Bí ìwé náà bá fi hàn pé Dangote ṣe ju bí wọ́n ti ń sọ lọ, kí ará ìlú gbà bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Bí ó bá sì fi hàn pé gbèsè kù nílẹ̀, kí ìjọba àti iléeṣẹ́ san án nígbà tí àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè ṣì wà láàyè láti gbà á.