Sítọ́ọ̀ Kòkó Tí A Fẹ́ Sọ Di Ilé Gbígbé

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù àti páànù lásán, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sí ọmọnìyàn. Bí ilé kan bá jẹ́ ti gbogbo abúlé, tí iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ ti tán, tí àwọn kan sì dìde pé kí a sọ ọ́ di ilé tí ènìyàn yóò máa gbé, ǹjẹ́ àwọn tí ó yí ilé náà ká ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àwọn kò fẹ́? Bí wọ́n bá ní in, ibo ni ẹ̀tọ́ náà mọ?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí a mú ilé tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ẹni tí ó bá rin àwọn abúlé kòkó, láti agbègbè Ìkirè àti Gbọ̀ngán dé Ìdànrè àti Ilé-Olújì, yóò rí sítọ́ọ̀ kòkó: ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré ó sì ga sókè, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ kí ẹni tí ó ru àpò lè gba ibẹ̀ kọjá, sìmẹ́ńtì gbalasa tí a ń sá kòkó sí sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan. Àwọn bàbá wa tí kò mọ ìwé kà mọ ìṣirò yẹn ju tíṣà lọ. Ní 1947 ni ìjọba dá Bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyípadà oríṣiríṣi, wọ́n tú Bọ́ọ̀dù ká ní 1986, ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́ sì lè wá ra kòkó ní ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ sítọ́ọ̀ ti di ti ewúrẹ́ àti àdán.

Ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, kí tíṣà wá yàrá tí yóò yá, kò ní tètè rí. Ilé abúlé kì í ṣe ilé àyágbé, ilé ẹbí ni. Tíṣà yóò máa ti ìgboro gun ọ̀kadà wá, yóò dé nígbà tí oòrùn ti mú, yóò sì ti máa wo ọ̀nà ilé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó fẹ́ gbéyàwó, tí ilé bàbá rẹ̀ kò gbà á mọ́, yóò gba ìlú ńlá lọ. Èyí ni ó mú kí àwọn kan máa wo sítọ́ọ̀ òfìfo náà pé bí a bá gé e sí yàrá mẹ́fà, tí a la fèrèsé sí i, tí a gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn rẹ̀, ìyọnu yóò dínkù. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dé iwájú Baálẹ̀ ni wọn yóò tó mọ̀ pé ilé òfìfo pàápàá ní ènìyàn nínú.

Ẹbí tí ó yọ̀ǹda ilẹ̀ yóò ní kòkó ni àwọn bàbá àwọn yọ̀ǹda rẹ̀ fún, kì í ṣe àlejò. Àwọn tí ń pọnmi ní kànga kan ṣoṣo yóò ní omi yẹn kì í tó àwọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá ọlọ́mọbìnrin yóò bèèrè irú ènìyàn tí yóò máa gbé ibẹ̀. Ìyá àgbà kan yóò sì sọ pé òun kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sùn nínú ilé yẹn kì í jí ire, nǹkan kan wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé yóò bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, sítọ́ọ̀ kì í ṣe ilé kòkó nìkan. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó oògùn apakòkòrò sí kí wọ́n tó pín in fún àgbẹ̀. Èyí tí ó lókìkí nínú wọn ni Gammalin 20, tí a máa ń fín sí igi kòkó nígbà náà nítorí kòkòrò tí ń fa omi ara èso àti ẹ̀ka rẹ̀ mu. Lindane ni orúkọ májèlé tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi lindane kún àwọn májèlé tí ó yẹ kí ayé pa tì, nítorí pé kì í tètè jẹrà, ó sì ń ṣe ara ní jàǹbá. Agolo tí ó jò sílẹ̀ nínú sítọ́ọ̀ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, ta ni ó fọ ibẹ̀? Èmi kò sọ pé ohun tí ìyá àgbà ń sọ gan-an nìyẹn. Mo ń sọ pé ẹ̀rù rẹ̀ wọ aṣọ iwin, ó sì lè jẹ́ pé májèlé ni ó wà lábẹ́ aṣọ náà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rín lé e kúrò nípàdé ti lé ẹlẹ́rìí lọ. Kí wọ́n bi í léèrè pé ta ni ó sùn níbẹ̀, nígbà wo, kí ni ó ṣe é, apá wo nínú ilé náà ni? Kí wọ́n wá ẹni tí ó ń pín oògùn nígbà náà rí, bí ó bá ṣì wà láàyè. Kí wọ́n sì pe àwọn wolé-wolé wá yẹ ilẹ̀ náà wò kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó tẹ́ ẹní sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù tòótọ́ nìkan ni ó ń wọ aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìkórìíra àlejò náà ń wọ aṣọ, tirẹ̀ a sì máa mọ́ ju ti iwin lọ. Ó lè wọ aṣọ omi kànga. Ó lè wọ aṣọ àṣà ìbílẹ̀, tàbí ti ẹ̀sìn pàápàá.

Àwọn ọmọ wa tí ó ń gbé ìlú Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí mo ń wí, nítorí pé irú àríyànjiyàn yìí wọ́pọ̀ ní abúlé ibẹ̀ náà. Ilé-ìwé tí ọmọ ti tán nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tí ó dófo, abà àgbẹ̀, títí kan ilé ọtí abúlé (ẹ foríjì mí pé mo dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé yìí), gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń sọ di ilé gbígbé. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1947 ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ yí iṣẹ́ ilé padà ní láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2014 ni wọ́n ti mú ọ̀nà rọrùn fún ọ̀pọ̀ abà àgbẹ̀. Wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ ibi tí ilé náà wà tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí aládùúgbò, wọ́n a sì fún wọn ní ọjọ́ 21, ó kéré tán, láti sọ ti ẹnu wọn. Bí fèrèsé tuntun yóò bá máa wo inú yàrá ẹlòmíràn, bí ilé yóò bá dí ìmọ́lẹ̀, bí ariwo tàbí ọkọ̀ yóò bá pọ̀ jù, wọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ̀wé pé owó ilé rẹ yóò wálẹ̀, tàbí pé o kò fẹ́ràn ẹni tí ń tọrọ àṣẹ, wọn kì í sábà ka ìyẹn sí. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2011 ni ó jẹ́ kí ará abúlé lè fi orúkọ ilé tí ó ṣe pàtàkì fún wọn sílẹ̀, kí wọ́n lè rí oṣù mẹ́fà fi wá owó rà á bí olówó rẹ̀ bá fẹ́ tà á.

Ètò náà dára, n kò sì lè sọ pé ó tán ìṣòro. Nígbà tí ẹni tí kò fẹ́ àlejò bá ti mọ̀ pé wọn kò ní gba ọ̀rọ̀ àlejò lẹ́nu òun, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni yóò máa sọ. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀? Lójú tèmi, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń bọ́ aṣọ náà: bí a bá mú ohun tí o ń ṣàròyé lé lórí kúrò, ṣé o ó gbà? Bí a bá gbẹ́ kànga kejì, tí a gbé ṣáláńgá jìnnà sí kànga ní ọgbọ̀n mítà, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìlera ti máa ń gbani níyànjú, ṣé ọ̀rọ̀ tán? Ẹni tí omi ń dùn yóò ní ó tán. Ẹni tí ó fò láti orí omi sí orí ariwo, tí ó tún ti orí ariwo fò sí orí iwin, omi kọ́ ni ó ń dùn ún. Àmọ́ ẹni tí ó bá bèèrè ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ gbẹ́ kànga náà ní tòótọ́, kí ayálégbé àkọ́kọ́ tó kó ẹrù dé. Kànga orí ahọ́n ni ó sọ ọ̀pọ̀ ará abúlé di ẹni tí kì í gba ìgbìmọ̀ kankan gbọ́ mọ́.

Ti ẹbí onílẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀tọ́ ni tiwọn, kì í ṣe ẹ̀rù. Nínú àṣà wa, ilẹ̀ tí a yọ̀ǹda fún iṣẹ́ kan, bí iṣẹ́ náà bá ti parẹ́, olúwa rẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀. A kò gbọ́dọ̀ torí pé ète wa dára kí a fi agbára gorí ẹ̀tọ́ yẹn. Nígbà tí Sayyidina Umar fẹ́ fẹ mọ́sálásí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mọ̀dínà, ilé Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, wà lójú ọ̀nà, Abbas sì kọ̀. Nínú ìtàn tí àwọn onímọ̀ gbà wá, àwọn méjèèjì gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Ubayy ọmọ Ka'b, Ubayy sì dá Abbas láre. Ìgbà tí ẹ̀tọ́ ti dúró sí i lọ́wọ́ tán ni Abbas wá yọ̀ǹda ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún mọ́sálásí, mélòó mélòó ni yàrá tíṣà! Kí wọ́n lọ bá ẹbí náà, kí wọ́n tún àdéhùn ṣe, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpín báyìí ni ti ẹbí nínú owó ilé.

Ó ku bàbá ọlọ́mọbìnrin. N kò bá a wí pé ó ń ronú ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe òfin fún ilé náà, tí ẹnìkan tí a mọ̀ sì ń bójú tó o, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n pé kí ó kọ tíṣà nítorí pé kò mọ ìdílé rẹ̀, n kò rí ẹ̀tọ́ kankan nínú ìyẹn. Súrà Nísáì, àáyà 36, ka aládùúgbò tí ó jẹ́ àjèjì mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ka èyí tí ó jẹ́ ìbátan. Ẹ tún wo ohun kan: gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó lè wá sí ìpàdé Baálẹ̀, àfi ẹni tí yóò gbé inú ilé náà. Kò tíì dé. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a bá ní kí á ka ọwọ́, ọwọ́ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ọmọ tí ì bá kọ́ ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ó yẹ kí ẹnìkan jókòó níbẹ̀ tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún wọn, bóyá ọ̀gá ilé-ìwé, bóyá Lẹ́mọ́mù.

Ẹgbẹ́ kan tún wà tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní irú ìpàdé yìí, tí mo sì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn: àwọn obìnrin tí ń sá èlùbọ́ sórí sìmẹ́ńtì iwájú sítọ́ọ̀. Láti ìgbà tí kòkó ti kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Nínú àwòrán ilé, iwájú ilé lásán ni ibẹ̀. Ẹni tí ó ya àwòrán náà ti fi ibẹ̀ ṣe ibi tí wọn yóò máa gbé ọ̀kadà sí. Kí wọ́n pa á rẹ́ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì wá ibòmíràn fún ọ̀kadà.