Ta Ló Ń Mí Lóru?

Ìbéèrè ló wà nínú orúkọ tí àwọn Yorùbá fi ń pe ara wọn. Ọmọ káàárọ̀-oò-jíire: kí ilẹ̀ tó mọ́ tán la ti ń bi ara wa bóyá a jí dáadáa. Ó jọ pé ẹni tó dá ìkíni náà sílẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè jíjí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta gìrì ní ọgbọ̀n ìgbà láàárín wákàtí kan, tí kò sì mọ̀ pé òun ta gìrì, kí ni yóò fi dáhùn?

Bó ṣe ń rí nìyẹn fún ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea. Bí oorun bá ti wọra, ẹran ọ̀nà ọ̀fun á dẹ̀, ahọ́n á sún sẹ́yìn, ọ̀nà á pa dé. Afẹ́fẹ́ kò ní kọjá fún ìṣẹ́jú àáyá 10, nígbà mìíràn fún 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ á jí ara lójijì, onítọ̀hún á hanrun kíkankíkan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi, oorun á sì tún gbé e lọ.

Ibòmíràn ni ikọ́ fée, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ásímà, ti ń dínà ní tirẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni, níbi tí àwọn ọ̀nà tín-ín-rín ti ń wú, tí wọ́n ń fún pọ̀, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ń dí wọn. Ìdájí ló sábà máa ń le jù. Ẹni tó bá ní àìsàn méjèèjì, ilẹ̀kùn méjì ló ń ṣọ́: ti òkè nínú ọ̀fun, ti ìsàlẹ̀ nínú àyà. Wọ́n tún máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ṣe é níkà. Oògùn steroid oníhóró tí wọ́n ń lò nígbà tí ikọ́ fée bá le lè mú kéèyàn sanra, ọ̀rá ọrùn á sì tún fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀.

Nílé Yorùbá, àlàyé ti wà nílẹ̀ kí dókítà tó dé. Ẹni tó bá ń jí lóru, tó ní ńṣe ló dà bíi pé nǹkan jókòó lé òun láyà, ogun ojú oorun ni wọ́n máa sọ pé ó ń bá a jà. Kò yẹ ká fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ṣàpèjúwe lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: nǹkan lè dí i lọ́fun. Ọ̀daràn nìkan ni wọ́n ṣì mú.

Lọ́dún 1980, nílùú Sydney lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ọkùnrin kan wà tí èémí rẹ̀ ń dúró lóru débi pé ohun tó kù ni kí wọ́n dá ihò sí i lọ́rùn kó lè máa gba ibẹ̀ mí. Ó kọ̀ jálẹ̀. Dókítà Colin Sullivan bá ní kó jẹ́ kí àwọn gbìyànjú nǹkan mìíràn: kí wọ́n máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú láìdáwọ́dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọkùnrin náà sùn. Nínú àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, mọ́tò irú èyí tí wọ́n fi ń fa eruku ilé ni wọ́n yí padà kó lè máa fẹ́ dípò kó máa fà. Ọdún 1981 ni Sullivan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn aláìsàn márùn-ún jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CPAP lónìí nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti ìgbàgbọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bí èémí àti ẹ̀mí. Nínú ìtàn àwọn baba wa, Ọbàtálá ló mọ ara, ṣùgbọ́n Olódùmarè ló fi ẹ̀mí sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹlẹ́mìí. Jẹ́nẹ́sísì náà sọ pé ihò imú ni Ọlọ́run gbà fi ìyè sínú ènìyàn. Àlùkùránì, nínú Súrà 39, ní Ọlọ́run ń gba ẹ̀mí ẹni tó sùn, á sì dá a padà fún ẹni tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Màmá tó bá wá kí ọmọ rẹ̀, tó bá a lórí ibùsùn pẹ̀lú rọ́bà gígùn tó ti inú ẹ̀rọ kékeré wọ máàsìkì ojú rẹ̀, ìbéèrè tó tọ́ ló máa bi í: “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ ló wá ń bá ọ mí ni?”

“Rárá o, Màámi. Èmi náà ni mò ń mí. Ilẹ̀kùn ló ń bá mi dì mú.”

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. CPAP yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó ń mí fún ẹni tó dákú. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kàn ń mú kí ọ̀nà ọ̀fun ṣí sílẹ̀ kó má baà pa dé. Àyà aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń fa èémí. Bí kò bá fà á, lásán ni ẹ̀rọ ń fẹ́. Ẹni tó bá wá ní kí olùgbàgbọ́ sọ ẹ̀rọ tàbí ínhélà ikọ́ fée nù kó lè fi hàn pé òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, ẹ bá wa wo ojú rẹ̀ dáadáa: ó ṣeé ṣe kí awò wà níbẹ̀.

Ínhélà ni ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, nítorí CPAP kì í wo ikọ́ fée. Ọmọdébìnrin ló fà á tí wọ́n fi ṣe irú èyí tó wọ́pọ̀: ó bi bàbá rẹ̀, George Maison, olórí ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Amẹ́ríkà, pé kí ló dé tí wọn ò lè di oògùn ikọ́ fée òun sínú agolo bí ìpara irun tó ń tú jáde. Ọdún 1956 ló dórí àtẹ. Ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú oṣù Ramadan látìgbà náà. Àwọn onímọ̀ kan ní ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Sheikh Ibn Baz ti Saudi Arabia ní kò bà á jẹ́, torí kò jọ oúnjẹ.

CPAP náà ní wàhálà tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè ta àyà ẹni tó ní ikọ́ fée jí, nítorí náà omi wà nínú àgbá kékeré tó ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà ọyẹ́, asẹ́ tó ń sẹ́ eruku inú ẹ̀rọ á pọ́n kí oṣù tó parí. Lọ́dún 2021, ilé iṣẹ́ Philips ní kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ padà nítorí fóòmù inú wọn tó lè rún, kó sì wọ ọ̀nà èémí. Àwọn tó ní àìsàn méjèèjì wá há sáàárín: wọn ò lè sùn láìsí i, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti sùn sínú rẹ̀.

Nílé wa, iná ni wàhálà tó tún wà. Bí iná bá lọ ní aago méjì òru, tí ínfátà kò sì sí, ariwo ẹ̀rọ á dákẹ́, máàsìkì á lẹ̀ mọ́ imú, onítọ̀hún á fi ọwọ́ tú u nínú òkùnkùn. Ìyàwó rẹ̀ ti jí ṣáájú rẹ̀. Ó ń ka àlàfo tó wà láàárín èémí kan àti èkejì.

Láàárọ̀, nọ́ńbà kan á yọ lójú ẹ̀rọ: iye ìgbà tí èémí dúró láàárín wákàtí kan. Tí kò bá tó 5, àwọn dókítà á ní ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gbọ́ fée-fée inú àyà. Ó lè kọ 2 sílẹ̀ lẹ́yìn òru tí ènìyàn fi wúkọ́ títí di ìdájí. Nítorí náà, bí ará ilé bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jí ire?”, aláìsàn á kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yẹn, á fa èémí kan tó jinlẹ̀, á fetí sí àyà rẹ̀, kó tó dáhùn.