Kí Ni Ẹ̀rí Rẹ?

Kíkà: Lúùkù 1:1-4, Jòhánù 20:24-31, 1 Jòhánù 5:9-13



Ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ni ó bi mí. Ní àkókò náà, èmi ni mo ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìdàpọ̀ wa ní ọjọọjọ́rú. Òun náà ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa rí. Ìyá rẹ̀ ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Gbogbo wa gba ààwẹ̀, a gbàdúrà, àwọn kan tilẹ̀ sọ fún un pé Olúwa ní ìyá náà kò ní kú. Ìyá kú. Ó lọ sin ín, ó padà wá, kò sì tún fi ẹsẹ̀ kan ibi ìpàdé wa mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí a jókòó sínú òkùnkùn, mo ní kí ó jẹ́ kí a jọ lọ sí ìpàdé ọjọ́ kejì. Kò bínú. Ó kàn sọ pé, "Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, kí ni ẹ̀rí rẹ? Bí ó bá jẹ́ ilé ẹlẹ́sìn mìíràn ni wọ́n bí ọ sí, ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n bá fi kọ́ ọ níbẹ̀ ni wàá máa sọ?"

Mo ní, "Mo ṣáà gbàgbọ́ ni."

Ó ní, "Èmi náà gbàgbọ́ pé màmá mi ò ní kú."

N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé ìbéèrè rẹ̀ ti wà nínú èmi fúnra mi tipẹ́. Mo máa ń dúró níwájú àwọn ará, mo máa ń ṣí Bíbélì, mo máa ń sọ̀rọ̀ tagbára-tagbára. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà dé orí ibùsùn mi, mo máa ń bi ara mi pé, bí gbogbo èyí kì í bá ṣe òtítọ́ ńkọ́? Ta ni olùdarí ẹ̀kọ́ Bíbélì yóò sọ irú èyí fún?

Olúwa kì í lé ẹni tí ó béèrè

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìdàpọ̀ wa, bí ènìyàn bá béèrè, ojú ẹni tí ó ti ń padà sẹ́yìn ni a fi ń wò ó. Nígbà tí mo padà sínú Bíbélì, mo rí i pé Olúwa kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Jòhánù Onítẹ̀bọmi nínú Mátíù orí 11. Ẹni tí ó fi ìka tọ́ka sí Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run ni. Nígbà tí ó dé inú ẹ̀wọ̀n, ó ránṣẹ́ láti béèrè bóyá Jésù ni Ẹni tí ń bọ̀ náà, tàbí kí àwọn máa retí ẹlòmíràn. Jésù kò bá a wí. Ó ní kí àwọn oníṣẹ́ náà lọ ròyìn ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ̀rí ni ó fi dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n sì lọ tán ni ó yìn ín níwájú gbogbo ènìyàn.

Ẹ wo Tọ́másì pẹ̀lú. Ó ní àfi bí òun bá rí ojú ìṣó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Jésù wá, ó sì na ọwọ́ sí i. Kò sọ pé Tọ́másì kò yẹ lẹ́ni tí ń rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ó tún sọ̀rọ̀ nípa àwa tí a kò ní rí: alábùkún ni àwa tí a gbàgbọ́ láìrí. Jòhánù kò sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ó sọ ìdí tí òun fi kọ ìwé òun: kí àwa tí kò sí níbẹ̀ lè rí ohun tí a óò gbé ìgbàgbọ́ wa lé. Láìrí kò túmọ̀ sí láìlẹ́rìí.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kàwé. Lúùkù sọ pé òun tọ gbogbo nǹkan wò fínnífínní láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Tẹófílù lè mọ̀ dájú. Mo ní bí Lúùkù bá wádìí kí ó tó kọ, èmi náà lè wádìí kí n tó wàásù.

Mo rí i pé kì í ṣe àwọn ọmọ Jésù nìkan ni ó sọ pé Jésù gbé ayé rí. Tacitus, òǹkọ̀wé ará Róòmù tí kò fẹ́ràn àwọn Kristẹni rárá, kọ ọ́ ní nǹkan bí 116 pé Pọ́ńtíù Pílátù ni a pa Kristi lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí Tìbéríù jẹ́ ọba. Ní 1961, àwọn tí ń wa ilẹ̀ ìtàn ní Kesaríà rí òkúta kan tí a kọ orúkọ Pílátù àti oyè rẹ̀ sí lára. Ní ìlú Manchester, ní Ìlú Ọba, àjákù ìwé kékeré kan wà ní ilé ìkàwé John Rylands, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Jòhánù orí 18 ni ó wà lára rẹ̀, níbi tí Pílátù ti ń fi ọ̀rọ̀ wá Jésù lẹ́nu wò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ni a ti kọ ọ́.

Mo kà nípa àwọn darandaran tí wọ́n rí ìwé-kíká nínú ihò àpáta ní Kúmúránì, létí Òkun Òkú, ní nǹkan bí 1947. Ìwé Aísáyà wà nínú wọn, láti orí kìíní títí dé orí 66. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti kọ ọ́ kí a tó bí Jésù. Nígbà tí a fi wé Aísáyà tí àwọn Júù ti ń dà kọ láti ìran dé ìran, àwọn ìyàtọ̀ wà, púpọ̀ nínú wọn nínú bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kan náà ni. Orí 53, tí ó sọ nípa ìránṣẹ́ tí a gún nítorí ìrékọjá wa, ti wà nínú ìwé-kíká yẹn kí a tó gbé igi àgbélébùú kankan ró ní Gọlgọta fún Jésù.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi jókòó ni 1 Kọ́ríńtì 15. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù fi ibi tí a ti lè wó ilé náà han àwọn alátakò: bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìwàásù wa. Ṣáájú èyí, ó ti ka àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀: Pétérù, àwọn méjìlá, àwọn ará tí ó lé ní 500 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀pọ̀ wọn sì wà láàyè nígbà tí ó ń kọ̀wé, ní nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn ikú Olúwa. Bí ẹni tí ó ń sọ pé, ẹ lọ bi wọ́n léèrè ni.

Jákọ́bù wà lára wọn. Jòhánù 7:5 sọ pé àwọn arákùnrin Jésù kò gbà á gbọ́. Kí ni ó lè mú kí ènìyàn gbà pé ọmọ ìyá òun ni Olúwa? Josephus, òpìtàn Júù, kọ ọ́ pé wọ́n sọ Jákọ́bù yìí ní òkúta ní Jerúsálẹ́mù. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ẹni tí ń kó àwọn onígbàgbọ́ sẹ́wọ̀n ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kú fún irọ́ tí wọ́n rò pé òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa mọ̀ bí ó bá jẹ́ irọ́. Àwọn obìnrin ni ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ ní ibojì, láàrin àwọn ènìyàn tí kì í ka ẹ̀rí obìnrin kún bí ti ọkùnrin. Ẹni tí ó bá fẹ́ hun irọ́ kò ní hun ún báyìí.

Ní ti ilé tí a bí mi sí, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ pé eéjì àti eéjì jẹ́ ẹẹ́rin. Pé bàbá mi ni ó kọ́ mi kò sọ ọ́ di irọ́, kò sì sọ ọ́ di òtítọ́. A ní láti yẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò ni.

Ibi tí ẹ̀rí mi dé

Mo kó gbogbo èyí tọ ọ̀rẹ́ mi lọ bí ẹni tí ó fẹ́ rojọ́ ní kóòtù. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó wá ní, "Ó dáa. Ká ní ó jíǹde lóòótọ́. Ṣé ó mọ̀ pé màmá mi kú?"

Ẹ̀yin ará, mo ti kọ ọ́ lókè pé àwọn kan sọ fún un pé Olúwa ní ìyá rẹ̀ kò ní kú. Mo wà lára wọn. Èmi ni mo tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́. Olúwa kò bá mi sọ̀rọ̀ kankan. Àánú ọ̀rẹ́ mi ni ó ṣe mí, mo sì fẹ́ kí ìgbàgbọ́ mi dà bí èyí tí ó lágbára. Nígbà tí mo tún ka 1 Kọ́ríńtì 15, mo dé ẹsẹ 15. Pọ́ọ̀lù ń bẹ̀rù kí a má baà bá àwọn ní ẹlẹ́rìí èké fún Ọlọ́run, pé àwọn ní Ọlọ́run ṣe ohun tí kò ṣe. Mo ti ń wá ẹ̀rí ká, èmi náà sì rèé ní ẹlẹ́rìí èké.

Mo padà lọ bá a. Mo ní, "Ọlọ́run kò sọ ohun tí mo sọ fún ọ nípa màmá. Èmi ni mo sọ ọ́. Jọ̀wọ́, dárí jì mí." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ nínú yín tó máa sọ bẹ́ẹ̀." Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka Jòhánù orí 11. Nígbà tí a dé ibi tí Jésù ti sọkún, ó ní kí n dúró níbẹ̀ ná. Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó sọkún. Ó mọ̀ pé ó kú.

N kò ní parọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rẹ́ mi kò padà sí ìdàpọ̀ kí a tó jáde. Ṣùgbọ́n ó ní kí n fi Bíbélì náà sílẹ̀ fún òun. A ṣì ń pe ara wa, mo sì ń gbàdúrà fún un títí di òní.

Ohun tí ó dá mi lójú

Ẹ̀rí àti ìdánilójú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀rí ni ohun tí mo lè gbé síwájú ẹlòmíràn. Ìdánilójú ni kí ọ̀rọ̀ náà mọ́ gaara níwájú ojú tèmi. Ẹ̀rí ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀mí Ọlọ́run ni ó ń bá ẹ̀mí wa jẹ́rìí pé ọmọ inú ilé ni wá (Róòmù 8:16). Jòhánù sì kọ lẹ́tà rẹ̀ kìíní kí àwa tí a gba Ọmọ Ọlọ́run gbọ́ lè mọ̀ pé a ní ìyè. Ó ní kí a mọ̀, kò ní kí a máa rò ó wò.

Àmì kan tí ó tún fún wa ni ìfẹ́ sí àwọn ará (1 Jòhánù 3:14). Bí ọkàn wa bá sì dá wa lẹ́bi, Ọlọ́run tóbi ju ọkàn wa lọ (ẹsẹ 20). Ní sáà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi rí ara mi bí akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ mi kò kúrò nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ nítorí bí ó ti ṣe mí. Ìlérí Kristi ni ìdánilójú wa dúró lé; bí ara wa ti rí ní òwúrọ̀ kọ́.

Nítorí náà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbéèrè ń jẹ́ lọ́kàn, má ṣe sá fún un. Gbé e tọ Olúwa lọ bí Jòhánù ti ṣe láti inú ẹ̀wọ̀n, kí o sì kàwé. Ẹ̀yin olùdarí, ẹ má ṣe fi orúkọ Ọlọ́run dí ibi tí ẹ kò ní èsì. "N kò mọ̀" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, ẹ máa sọ ti ọdún tí àdúrà kò gbà bí ẹ ti fẹ́ fún wa pẹ̀lú, àti bí Olúwa ti dì yín mú nínú rẹ̀. Ẹ̀rí ni ìyẹn náà.

Bí ẹnìkan bá sì wà nínú yàrá rẹ tí ìwọ ti jẹ́ ẹlẹ́rìí èké fún, lọ bá a lálẹ́ òní kí o tó wá ẹsẹ Bíbélì tí wàá kà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa Jésù, ìwọ tí o kú tí o sì jíǹde lóòótọ́, dárí jì wá níbi tí a ti sọ ohun tí o kò sọ. Na ọwọ́ rẹ sí àwọn Tọ́másì àárín wa. Rántí àwọn tí ó ti kúrò láàrin wa nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wa, kí o sì lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà. Jẹ́ kí òtítọ́ rẹ dá wa lójú, kí a sì jẹ́ ẹlẹ́rìí tòótọ́ fún ọ. Àmín.