Igi Olódòdó: Ọ̀rọ̀ Obìnrin àti Igi nínú Àlọ́ Ilẹ̀ Íńdíà

Láti ayébáyé ni àwọn ará Íńdíà ti ń fi obìnrin wé ilẹ̀ àti igi. Inú poro oko ni Ọba Janaka ti rí Sita, aya Rama inú ìtàn Ramayana, nígbà tí ó ń tú ilẹ̀; “poro” gan-an ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Nígbà tí a sì tún ní kí Sita wá jẹ́rìí ìwà mímọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn, ilẹ̀ kan náà ni ó là, tí ó gbà á padà. Àwọn akéwì àtijọ́ a sì máa sọ pé bí arẹwà obìnrin bá fi ẹsẹ̀ kan igi asoka, kíá ni yóò tanná.

Ọ̀rọ̀ ìyìn ni ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ẹni tí a fi wé igi, ṣé ọlá ni a bù fún un, tàbí ẹrù ni a dì rù ú? Nítorí gbogbo ayé ní ń gba nǹkan lọ́wọ́ igi, igi kì í sì í fọhùn.

Àlọ́ kan tí àwọn obìnrin ń pa ní èdè Kannada, ní gúúsù Íńdíà, dáhùn ìbéèrè yìí. Ọ̀mọ̀wé A. K. Ramanujan, ọmọ Mysore, ni ó gbà á sílẹ̀. A sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àlọ́ rẹ̀ ní 1997, lẹ́yìn tí ó ti kú ní 1993.

Arúgbó tálákà kan bí ọmọbìnrin méjì. Àánú ìyá ṣe èyí àbúrò, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun yóò máa di igi olódòdó, kí wọ́n lè rí òdòdó tà. Ìkòkò omi kan tí ẹ̀gbọ́n bá dà sí i lára ni yóò sọ ọ́ di igi, ìkejì ni yóò sì sọ ọ́ di ènìyàn padà. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń já òdòdó, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka, kò sì gbọdọ̀ já ewé. Ẹ̀gbọ́n pa òfin náà mọ́. Owó wọlé, ara àbúrò sì le.

Ọmọ ọba rí àṣírí yìí, ó sì fi ọmọbìnrin náà ṣe aya. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà láti di igi fún un, ó sì di ohun tí wọ́n ń ṣe lálaalẹ́. Nígbà tí àbúrò ọkọ rí òkìtì òdòdó lẹ́bàá fèrèsé, ó fura. Ó mú ìyàwó lọ sínú ọgbà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi dandan lé e pé kí ó di igi. Wọ́n fi ìwàǹwára já òdòdó, wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka, wọn kò sì da omi kejì bí ó ti yẹ. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kì í ṣe igi, kì í sì í ṣe ènìyàn: kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, ara rẹ̀ kún fún ọgbẹ́, àgbàrá òjò sì gbé e lọ.

Omi kan náà ni, igi kan náà sì ni. Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀? Ẹ̀gbọ́n gbọ́ òfin lẹ́nu ẹni tí ó ni ara, ó sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọge inú ọgbà rí òdòdó, wọn kò rí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ti ọkọ ni ó le jù láti dá lẹ́jọ́. Kò ṣẹ́ ẹ̀ka kankan, ó sì fẹ́ràn aya rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ sọ ẹ̀bùn di iṣẹ́ alẹ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìwà ìkà nìkan kọ́ ní ń ba ohun rere jẹ́. Ìfẹ́ tí kò mọ ìwọ̀n náà ń bà á jẹ́.

Ọkọ rìn káàkiri bí alágbe kí ó tó rí aya rẹ̀. Nígbà tí ó da omi kìn-ín-ní tí aya sì di igi, ó ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún gbogbo ẹ̀ka tí ó ṣẹ́ tò, kí ó tó da omi kejì. Ẹ̀bẹ̀ ẹnu kò tó. Ohun tí ọwọ́ bàjẹ́, ọwọ́ ni yóò tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sínú àlọ́. Ní 1974, ní abúlé Reni ní òkè Himalaya, àwọn agégi wá nígbà tí àwọn ọkùnrin kò sí nílé. Gaura Devi àti àwọn obìnrin abúlé náà dúró ti igi wọn, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀ títí àwọn agégi fi padà. Inú igbó náà ni wọ́n ti ń rí igi ìdáná àti koríko ẹran. Wọ́n sì mọ̀ pé gbòǹgbò igi ni kì í jẹ́ kí òkè ya lulẹ̀.

Nítorí náà, ọlá wà nínú fífi obìnrin wé igi, bí a bá jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òfin bí a ó ti já òdòdó rẹ̀. Bí a bá gba ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀, ẹrù ni ìyìn náà. Olùkọ́ tí yóò pa àlọ́ yìí fún ọmọ ilé-ìwé, kí ó má ṣe kánjú kọjá ibi tí àbúrò ti ń ṣàlàyé òfin fún ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àlọ́ náà wà.