Bí Tọkọtaya Bá Pín Gààrí

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò sí ọkọ tí kì í ṣe ọmọlúàbí. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna, á ní òun yóò máa tọ́jú ọmọ wọn bí ojú. Ìyàwó náà á kúnlẹ̀ gba àdúrà. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá pín gààrí la tó ń mọ ìwà oníkálukú.

Ní Nàìjíríà, kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ ló ń tú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ká. Èyí tí wọ́n bá ṣe ní rẹ́jísírì, ó di ilé ẹjọ́ gíga, lábẹ́ òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ọdún 1970. Abala 70 òfin náà ní kí adájọ́ tó ń gbèrò àṣẹ owó ìtọ́jú wo ohun tí tọkọtaya ní, iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe jẹun, àti ìwà tí wọ́n hù. Òfin pàápàá ń béèrè ìwà.

Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í ṣe babaláwo. Ohun tí wọ́n bá kó síwájú rẹ̀ ló máa rí. Ọkùnrin kan á ti sáré yí ìwé ilẹ̀ sórúkọ àbúrò rẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Á páàkì jíìpù sí àdúgbò kejì, á wọ bàtà tó ti jẹ wọ kóòtù, á ní, “Olúwa mi, ọjà ò tà.” Bí wọ́n bá ní kó máa san owó oúnjẹ ọmọ lóṣooṣù, á san oṣù méjì, tó bá di ìkẹta, á pa fóònù.

Ti ilé tí wọ́n jọ kọ́ ló tún le jù. Lọ́dún 1992, ẹjọ́ obìnrin kan dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà. Ọkọ rẹ̀ ti ta ilé. Obìnrin náà ní òun náà lọ́wọ́ sí kíkọ́ rẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tó dá sí i àti bó ti pọ̀ tó, kò rí i ṣàlàyé, ó sì pàdánù. Ìyàwó mélòó ló ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ? Ìyàwó á pọnmi fún àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù, á se oúnjẹ fún bíríkìlà, á kó owó àjọ, wọ́n á fi ra páànù. Kóòtù lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀rí. Ọkọ ní tirẹ̀ kò nílò ẹ̀rí kankan, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló fi gba owó náà. Bó bá dákẹ́, ó lè jàre ẹjọ́, àmọ́ ìwà ọmọlúàbí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà kò mọ́ pátápátá. Òmíràn á fi owó ilé ìwé ọmọ ra léèsì. Òmíràn á sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ̀ ti kú. Abala 71 òfin ọdún 1970 yẹn ní ire ọmọ ni kí adájọ́ kà sí pàtàkì jù, kì í ṣe ìbínú ìyá tàbí ti bàbá.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣọ̀rẹ́. Kí wọ́n má purọ́ ni. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jókòó níwájú àgbà, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ní sílẹ̀, títí kan ilẹ̀ tó wà lórúkọ àbúrò.